Mísáìlì ẹ̀ ń fò bíi tòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń yìn ín ò jọ sójà rárá

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ pé mi ò ní dárúkọ géèmù tí mò ń sọ yìí o, torí ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbá géèmù ọkọ̀ ogun á ti mọ irú ẹ̀: èyí tí tánkì, hẹlikópítà àti jẹ́ẹ̀tì ti ń jà pọ̀ lórí máàpù kan ṣoṣo, tèèyàn á fi tánkì ayé àtijọ́ bẹ̀rẹ̀, á wá máa gun àkàbà díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé orí àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé. Èmi kì í wa tánkì tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fara pamọ́ sẹ́yìn òkè, kí n gbójú sókè, kí n máa wá jẹ́ẹ̀tì tí màá já lulẹ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọkọ̀ tó ń yin mísáìlì sójú ọ̀run níbẹ̀ tí mi ò tíì wà, torí náà ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Wọn ò tíì rí Pantsir nígbà yẹn ni.

Pantsir yẹn náà ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà. Mísáìlì 12 ló gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹ́fà lọ́tùn-ún mẹ́fà lósì, pẹ̀lú ìbọn 30mm méjì, wọ́n sì ní ó lè bá nǹkan tó wà ní 20 kìlómítà. Ìpín méjì ni mísáìlì yẹn. Apá ẹ̀yìn tó sanra ló ní ohun tó ń jó nínú, tó bá ti jó tán láàárín sẹ́kọ́ńdù díẹ̀ á já bọ́, apá iwájú tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọfà á wá máa fi eré tó ti gbà tẹ́lẹ̀ lọ, kò sí ẹ́ńjìnnì kankan lára ẹ̀ mọ́. Géèmù yìí gbé èyí dáadáa gan-an ni. Lọ́jọ́ kan mo rí jẹ́ẹ̀tì kan lókèèrè, á tó kìlómítà 16, mo yin ọ̀kan sí i, mo rí i tí ẹ̀yìn ẹ̀ já bọ́, èéfín parẹ́, ó wá ku àmì tín-ń-tín kan lójú rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà lókèèrè. Pílọ́ọ̀tì yẹn kì í ṣọmọ àná o. Ó yí sọ́tùn-ún, ó ní sùúrù díẹ̀, ó tún yí sósì, gbogbo bó ṣe ń yí lọfà mi náà ń yí, gbogbo bó ṣe ń yí ni eré ń tán lára ẹ̀, nígbà tó fi máa dé ẹ̀gbẹ́ jẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe ló dà bí ẹni tó sáré láti òwúrọ̀ tó wá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Inú bí mi, àmọ́ bó ṣe rí gan-an nìyẹn. 20 kìlómítà tí wọ́n kọ sára ẹ̀ yẹn, ti ẹni tó ń fò bọ̀ tààrà láì yà síbì kankan ni.

Ohun míì tó dùn mọ́ mi ni pé kì í ṣe gbogbo mísáìlì ni wọ́n dá lọ́nà kan náà. Ti Pantsir ò ní ojú tiẹ̀ rárá, rédà tó wà lórí ọkọ̀ ló ń wo òun àti ọ̀tá pọ̀, tó ń fi rédíò pàṣẹ fún un pé yà síbí, yà sọ́hùn-ún. Torí náà flare, iná tí àwọn pílọ́ọ̀tì máa ń jù sílẹ̀ kí mísáìlì tó ń wá ooru lè tẹ̀lé e lọ, kò kan òun rárá. Mo máa ń rí àwọn ọmọ tuntun tó ń da iná yẹn sílẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ, ọfà mi á kàn gba àárín ẹ̀ kọjá. Starstreak àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún yàtọ̀, ọfà mẹ́ta ló ń jáde látinú mísáìlì kan, eré wọn ju ìlọ́po mẹ́ta eré ohùn lọ, orí léésà tí ìwọ fúnra ẹ ń tọ́ka sí jẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gùn lọ, ọfà gbọ́dọ̀ wọlé sí ọ̀tá lára kó tó bú. Tí ọwọ́ ẹ bá gbọ̀n báyìí, ó tán nìyẹn. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo wọn lọ torí kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀, tó o bá tàsé, ọwọ́ ẹ ló tàsé.

ADATS ń kọ́? Ó dáa. Òun náà orí léésà ló ń gùn, wọ́n sì ṣe é kó lè ja jẹ́ẹ̀tì kó tún lè ja tánkì, ìdí nìyí táwọn tó ń gbé e nínú géèmù fi ń fi gbogbo mísáìlì wọn lé tánkì tí jẹ́ẹ̀tì sì ń ju bọ́ǹbù lé gbogbo wa lórí. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn jàre.

Ó kan Stinger báyìí, ibẹ̀ ni inú ti ń bí mi. Mísáìlì Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé léjìká ni, ẹ̀dá kan náà tó da hẹlikópítà Rọ́ṣíà láàmú ní Afghanistan láti 1986, ti inú géèmù yìí ń jáde látorí ọkọ̀. Àwọn irú ẹ̀ tó dé lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́ ò kàn ń wá ooru nìkan, wọ́n tún ń wo ultraviolet, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ kan tójú èèyàn ò lè rí, kí wọ́n lè mọ ìyàtọ̀ láàárín jẹ́ẹ̀tì àti flare. Ẹyọ flare kan péré, Stinger inú géèmù yìí ti tẹ̀ lé e lọ bí ọmọdé tó rí bàlúù. Yíyí wá di wàhálà, tí hẹlikópítà bá ti yà díẹ̀ pẹ́rẹ́, ó ti kọjá lára ẹ̀. Haba!

Ohun kan wà tí mo kọ́kọ́ bínú sí, tí mo wá padà gbà pé wọ́n jàre. Mo máa ń gbá jẹ́ẹ̀tì gan-an, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó bà á, ẹni yẹn á sì tún fi apá kan fò padà sílé. Mo ti ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbúgbàù inú Stinger ò ju kílò mẹ́ta lọ, ọkọ̀ òfurufú sì tóbi. Ní November 22, 2003, wọ́n fi mísáìlì èjìká gbá Airbus A300 akẹ́rù kan ní Baghdad, gbogbo omi hydraulic tí wọ́n fi ń darí ẹ̀ dà nù, àwọn mẹ́ta tó wà nínú ẹ̀ kàn ń fi agbára ẹ́ńjìnnì nìkan darí ẹ̀, ìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ gòkè wọ́n á fi kún un, tí wọ́n bá fẹ́ yà wọ́n á dín ọ̀kan kù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gúnlẹ̀ láàyè. Látìgbà tí mo ti mọ ìyẹn ni mo ti pa ẹnu mi mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Wàyí o, ohun tó bà á jẹ́ lójú mi ò sí lára mísáìlì fúnra ẹ̀. Àyíká ẹ̀ ló wà. Ẹ wo rédà. Nínú géèmù yìí mo máa ń tan rédà látìgbà tí mo bá ti wọlé títí ìjà á fi parí, kò sẹ́ni tó máa fìyà ẹ̀ jẹ mí. Níta, ẹni tó bá tan rédà dà bí ẹni tó tan tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn biribiri láti wá olè: olè á ti rí ẹ kó o tó rí i. Mísáìlì wà tó jẹ́ pé rédà gan-an ló ń wá, bíi HARM àwọn Amẹ́ríkà, á kàn tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ yẹn wá bá ẹ nílé. Ìdí nìyẹn tí ìtàn Serbia fi dùn mọ́ mi. March 27, 1999, ikọ̀ tí Zoltán Dani jẹ́ ọ̀gá wọn já F-117 àwọn Amẹ́ríkà bọ́, jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní rédà ò lè rí, mísáìlì S-125 tí wọ́n sì fi ṣe é, ti àwọn ọdún 1960 ni. Kí ni àṣírí wọn? Wọn kì í tan rédà tí wọ́n fi ń darí mísáìlì ju sẹ́kọ́ńdù mélòó kan lọ, wọ́n á pa á, wọ́n á sì kẹ́rù kúrò níbẹ̀. Pé kéèyàn jókòó sínú òkùnkùn, kó máa ṣọ́ ìgbà tó máa tan iná, iṣẹ́ yẹn gan-an nìyẹn, géèmù yìí ò sì fi ṣíbí kan báyìí bù nínú ẹ̀ fún wa.

Póìntì ló fà á. Jẹ́ẹ̀tì tó bá já bọ́ nìkan ni wọ́n ń kà. Nígbà ogun October 1973, ohun tí Kub, mísáìlì tí wọ́n ń yìn látilẹ̀, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe fún Íjíbítì ní etí ọ̀nà omi Suez ju jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já lulẹ̀ lọ, ó jẹ́ pé láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, jẹ́ẹ̀tì Ísírẹ́lì ò lè máa wọ ibẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tó bá lé jẹ́ẹ̀tì padà kó tó ju bọ́ǹbù ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ pé. Nínú géèmù yìí, lé mẹ́fà padà, òfo ni wàá bá lọ sílé, ẹni tó yin ìbọn sí hẹlikópítà kan tí kò tiẹ̀ gbé nǹkan kan á sì wà lókè lórí ìwé èsì.

Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé, irú IRIS-T SLM àwọn ará Jámánì, wọ́n gbìyànjú díẹ̀ níbẹ̀, rédà ní ọkọ̀ tiẹ̀, àwọn mísáìlì ní ọkọ̀ tiẹ̀, bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n 40 kìlómítà ni nǹkan yìí ń dé! Wọ́n wá kó o sórí máàpù tí tánkì máa ń wá láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣé ẹ rí i, iye tí wọ́n kọ tọ̀nà, ibi tí wọ́n gbé e sí ni kò tọ̀nà, àwọn jẹ́ẹ̀tì ò tíì gbé ẹsẹ̀ wọlé tán tí mísáìlì ti ń bọ̀.

Orúkọ tó wà lórí àwọn èèyàn wa náà, mi ò tiẹ̀ lè dá wọn lẹ́bi lórí ìyẹn. Gbogbo jẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ tiwa ló ní àwọ̀ búlúù lórí, èèyàn ò lè ṣì í yìn. Níta, mísáìlì Patriot àwọn Amẹ́ríkà já jẹ́ẹ̀tì Tornado àwọn Gẹ̀ẹ́sì bọ́ ní March 23, 2003, sójà méjì tó wà nínú ẹ̀ kú, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n ń jà fún. Tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ wá sínú géèmù, èpè tí àwa èèyàn á máa ṣẹ́ fúnra wa á pọ̀ ju ìbọn lọ.

Ìró ẹ̀ dáa, àwòrán ẹ̀ dáa, àkàbà tèèyàn ń gùn kó tó dé orí àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé ló gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá jẹ́ bí mísáìlì ṣe ń fò lo fẹ́ rí, gbà á. Tó bá jẹ́ bí àwọn tó ń yìn ín ṣe ń gbé ayé wọn lo fẹ́ mọ̀, má wá a síbí.

Lálẹ́ àná mo ní kí n ṣe bíi ti Dani. Mo pa rédà, mo wọ inú igbó kan lọ, mo tàn án fún sẹ́kọ́ńdù márùn-ún péré, mo yin méjì, mo pa á, mo gbéra kúrò níbẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì méjì tó ń bọ̀ lórí àwọn tánkì wa ló ṣẹ́rí padà, ọ̀kan tiẹ̀ da bọ́ǹbù ẹ̀ sínú odò. Mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún sá. Ìjà parí, a borí, póìntì tèmi jẹ́ òdo, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa wá tẹ ọ̀rọ̀ sí mi pé "ẹni tó wà nídìí mísáìlì, ṣé oorun lo sùn ni?"