Kàǹtà ń ka ọ̀pá, kì í ka kọ́ìlì: àgbéyẹ̀wò ẹ̀rọ ìwéwáyà oníbẹ́líìtì

Ẹ̀rọ yìí la fi ń wé kọ́ìlì mọ́tò pọ́ǹpù omi àti ti ẹ̀rọ ìlọta ní Òkèṣà, nílùú Iléṣà. Mọ́tò rẹ̀ ń yí ní 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Púlì ínǹṣì 2 ló wà lórí mọ́tò, ti ínǹṣì 10 ló wà lórí ọ̀pá tó ń yí kọ́ìlì, nítorí náà 288 péré ló ń kan wáyà. Eré náà wọ̀n. Wáyà tín-ín-rín kì í já.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni fọ́mà, pákó tí wáyà ń wé mọ́. Síkúrù kan ṣoṣo ló dì í mọ́ ọ̀pá. Bí wáyà bá nípọn, fọ́mà á yọ̀, ọ̀pá á máa yí lọ, kàǹtà, ohun tó ń ka iye ìgbà tí ọ̀pá yí, á sì máa kà. Ẹ ó rí 60 lójú kàǹtà, kọ́ìlì ò sì ju 57 lọ. Mọ́tò onífésì mẹ́ta tí ẹ bá fi irú kọ́ìlì bẹ́ẹ̀ sí á máa kùn, fésì kan á máa fa iná ju ìyókù lọ, á sì gbóná títí á fi jó. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti orí ọ̀pá dé ara fọ́mà. Bí ìlà náà bá ti yà lẹ́yìn kọ́ìlì kan, ẹ tú kọ́ìlì yẹn, ẹ má bá a jiyàn.

Bí bẹ́líìtì ló bá ń yọ̀, kàǹtà ò ní parọ́, nítorí bẹ́líìtì ṣáájú ọ̀pá. Wáyà ló máa dẹ̀ níbì kan, tó máa le níbòmíì. Ẹ yọ ẹ̀rọ lára iná, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín bẹ́líìtì: bí púlì méjèèjì bá fi sẹ̀ǹtímítà 40 jìnnà síra, kó wọlé bíi mílímítà 6. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́rìn ẹ̀gbẹ́ púlì ló máa kọ́kọ́ kú. Ẹ̀gbẹ́ ni bẹ́líìtì yìí fi ń di púlì mú. Bí ìsàlẹ̀ ihò tí bẹ́líìtì ń jókòó sí lára púlì bá ti ń dán, bẹ́líìtì ti jẹ tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan a máa fi ọṣẹ ra á kó má baà pariwo mọ́. Ìyẹn ò tún nǹkan kan ṣe.

Tó bá ń dún “kọ́” nígbà tó bá gbéra àti nígbà tó bá fẹ́ dúró, tí kì í dún láàárín, kíì púlì ńlá, irin kékeré tó di púlì mọ́ ọ̀pá, ló ti jẹ. Irin onígun mẹ́rin mílímítà 6 ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ fi fáìlì ha á títí á fi wọlé pẹ́pẹ́.

A ó tún ra irú rẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó wé ohunkóhun, ẹ ní kí wẹ́dà lu ihò síkúrù kejì sí ìdí fọ́mà.