Ìmọ̀ràn UNESCO àti òfin Nàìjíríà lórí dátà ìwádìí

UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, dá a lámọ̀ràn ní ọdún 2021 pé kí dátà ìwádìí wà ní gbangba. Ìmọ̀ràn ni o, kò sẹ́ni tó máa tìtorí ẹ̀ pe olùwádìí lẹ́jọ́ l'Ábújá. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní tiẹ̀: ìtanràn iléeṣẹ́ ńlá lè tó mílíọ̀nù 10 náírà, tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé dátà ìwádìí yín síta, òfin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ àwọn tí ibà ń ṣe ní Gwagwalada, ẹ yọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdúgbò (ládùúgbò kékeré, ọjọ́ orí nìkan lè jẹ́ kí wọ́n dá èèyàn mọ̀), kẹ́ ẹ tó gbé e sórí Zenodo, ìkànnì tí àwọn olùwádìí ń kó dátà wọn sí. UNESCO náà fàyè gba irú ìdáàbòbò bẹ́ẹ̀.