Ẹ̀sọ́ọ̀sì tuntun fún píkọ́ọ̀pù àtijọ́: èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀sọ́ọ̀sì píkọ́ọ̀pù àtijọ́, bó ṣe máa dún ló kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Mi ò bá a wí, ohùn V8, ẹ́ńjìnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́jọ, dùn létí lóòótọ́. Àmọ́ ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: báwo lẹ ṣe ń wa ọkọ̀ náà sí, ibi tí ẹ ń wà á lọ sì jìnnà tó ibo? Ìdáhùn yẹn ló máa sọ irú irin tí ẹ máa rà.

Omi ló ń jẹ ẹ̀sọ́ọ̀sì, inú ló sì ti ń jẹ ẹ́ wá síta. Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jó nínú ẹ́ńjìnì máa ń di nǹkan bíi lítà omi kan, tí á máa bá èéfín jáde bí oru. Bí ọkọ̀ bá rìn jìnnà, páìpù á gbóná látòkè délẹ̀, oru á sì jáde tán. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń ṣíná sí i ní Sátidé, kẹ́ ẹ wà á dé ìkóríta kẹ́ ẹ sì yí padà, sílẹ́ńsà tó wà lẹ́yìn ò ní í gbóná tó. Oru á di omi síbẹ̀, á pò mọ́ ásíìdì inú èéfín, á wá máa jẹ irin ní gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fi wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí sílẹ́ńsà ọkọ̀ tí wọ́n ń kẹ́ fi sábà máa ń tètè lu ju ti ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lọ.

Irin wo?

Irin lásán ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí nígbà tí wọ́n jáde nílé iṣẹ́. Owó rẹ̀ ló kéré jù, kò sì sí jórinjórin tí kò lè jó o. Fún ọkọ̀ tó ń rìn dáadáa lójoojúmọ́, kò burú. Fún ọkọ̀ tó ń jókòó ju bó ṣe ń rìn lọ, ẹ má rà á.

Irin tí wọ́n rì bọ álúmíníọ̀mù ni èmi máa ń ní kí ọ̀pọ̀ èèyàn rà. Álúmíníọ̀mù yẹn bo inú, ó bo ìta, owó rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju ti irin lásán lọ. Ojú ibi tí wọ́n bá ti gé e tí wọ́n sì jó o ni àléébù rẹ̀ wà, torí iná máa ń bó álúmíníọ̀mù ibẹ̀ kúrò, ibẹ̀ náà ni ìpẹtà á sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí jórinjórin fi ọ̀dà tí kì í bẹ̀rù iná kun gbogbo ojú ibi tó jó.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan sítéńléẹ̀sì, irin tí kì í tètè pẹtà, ibẹ̀ sì lọ́jà ti ń dàrú. Ọ̀nà méjì ló pín sí níbi ká sọ̀rọ̀ ẹ̀sọ́ọ̀sì: 409 àti 304. 409 ní nǹkan bíi 11% kúrómíọ̀mù nínú. Ara rẹ̀ á pọ́n díẹ̀ tó bá yá, àmọ́ kì í tètè lu, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń lò. 304 ní nǹkan bíi 18% kúrómíọ̀mù àti 8% níkẹ́ẹ̀lì. Òun ló máa ń dán títí. Àwọn tó ń tà á lè pe méjèèjì ní “sítéńléẹ̀sì” láìfi ìyàtọ̀ kankan sí i. Ẹ mú òòfà dání. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ páìpù náà gbagba, kì í ṣe 304, ẹ má sì san owó 304 lé e lórí. Bó bá wá jẹ́ 304 ni ẹ rà, ó máa ń gùn sí i ju irin lásán lọ tó bá gbóná, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n dè é mọ́ ṣáásíìsì lọ́nà tí kò fi ní lè mira.

Mànífóòdù tó bá ọkọ̀ wá, àbí hẹ́dà?

Mànífóòdù ni irin tó ń kó èéfín láti ara ẹ́ńjìnì sínú páìpù; hẹ́dà ni àwọn páìpù tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Ibí ni owó púpọ̀ ti máa ń ṣòfò. Òótọ́ ni pé páìpù kọ̀ọ̀kan ni hẹ́dà fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí èéfín ọ̀kan má baà dí ti èkejì lọ́nà. Ibi tí àǹfààní yẹn sì ti máa ń hàn jù ni ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré gan-an, ẹ́ńjìnì píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kì í sì í débẹ̀ lọ títí. Ohun tí ẹ máa rí lójoojúmọ́ ni gáásíkẹ́ẹ̀tì tó ń jò, bóòtù tí ẹ ní láti tún fún lẹ́yìn tó bá ti gbóná tó sì tutù nígbà mélòó kan, àti ooru tó ń yan wàyà púlọ́ọ̀gì àti sítátà. Irin mànífóòdù nípọn ní tiẹ̀, ariwo rẹ̀ sì kéré.

Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà tó tò lórí ìlà kan, bíi Chevrolet 235, ọ̀rọ̀ tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mànífóòdù tó ń gba epo wọlé jókòó lé èyí tó ń gbé èéfín jáde, ooru ìsàlẹ̀ yẹn ló sì ń jẹ́ kí epo tó ti inú kábúrétọ̀ wá di oru dáadáa. Bí ẹ bá fi hẹ́dà rọ́pò rẹ̀ láìwá ọ̀nà mìíràn láti mú ibẹ̀ gbóná, ẹ́ńjìnì á máa wúkọ́ ní òwúrọ̀ tútù.

Ká tó ra ohunkóhun, ẹ yẹ abẹ̀bẹ̀ irin kékeré tó ń ṣí, tó sì ń dí ọ̀nà èéfín, tó máa ń wà lẹ́nu mànífóòdù wò, bí ọkọ̀ yín bá ní in. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, ẹ fi ọwọ́ yí i. Ó yẹ kó máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá ti gan ní títì, òun ló ń fún ẹ́ńjìnì lọ́rùn, kò sí ẹ̀sọ́ọ̀sì tuntun tó máa wo ìyẹn sàn. Níbi tí mànífóòdù ti pàdé páìpù, nọ́ọ̀tì onídẹ ni kẹ́ ẹ lò, torí kì í gan mọ́ bóòtù bíi ti irin.

Páìpù kan, àbí méjì?

Onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà: ẹyọ kan ti tó. V8 tí wọn ò tíì tún ṣe: ẹyọ kan tó fẹ̀ dáadáa máa ṣe é, méjì á sì dùn ún gbọ́. Ẹ má ra páìpù tó fẹ̀ ju ẹ́ńjìnì lọ, torí á jẹ́ kí èéfín máa rọra rìn, agbára ìbẹ̀rẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń gbé ẹrù á sì dínkù. Fún V8 kékeré, 2¼ ínṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan dára. 2½ ínṣì fún èyí tó tóbi. Bí ẹ bá fẹ́ méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi páìpù kékeré so wọ́n pọ̀ láàárín, á dín ariwo kù.

Ẹ wo ibi táńkì epo wà. Lára píkọ́ọ̀pù Chevrolet C10 láti 1960 sí 1972, ẹ̀yìn ìjókòó nínú ọkọ̀ ni táńkì wà, àyè sì pọ̀ nísàlẹ̀. Láti 1973, ẹ̀gbẹ́ ṣáásíìsì ló wà, páìpù sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí i.

Sílẹ́ńsà

Èyí tó ní òwú gíláàsì nínú máa ń dún sí i bí òwú bá ṣe ń jó dànù. Oníyàrá, tí inú rẹ̀ pín sí yàrá-yàrá, kò ní òwú tó lè jó, àmọ́ ó máa ń kùn wọnú ọkọ̀ tí kò ní tìmùtìmù lára. Èyí tí ọ̀nà inú rẹ̀ rí bíi lẹ́tà S ló dákẹ́ jù nínú mẹ́ta, òun lèmi máa rà.

Kíìtì, àbí ká tẹ̀ ẹ́ sára ọkọ̀?

Kíìtì, ìyẹn páìpù tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ fún irú ọkọ̀ kan, máa ń wọlé wẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ bá ṣì wà bó ṣe wà. Kì í ṣe ọdún ọkọ̀ nìkan lẹ máa sọ fún ẹni tó ń tà á. C10 1967 sí 1972 ní oníkúkúrú, 115 ínṣì láàárín táyà iwájú àti ẹ̀yìn, ó sì ní onígígùn, 127 ínṣì. Ẹ tún sọ gíábọ́ọ̀sì àti ẹ́ńjìnì tó wà lára rẹ̀ báyìí, nítorí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lè ti pààrọ̀ wọn.

Bí ẹ́ńjìnì bá ti yí padà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ páìpù ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ bèèrè irú ẹ̀rọ tó ń lò. Ẹ̀rọ kan ní irin nínú tí kì í jẹ́ kí páìpù fún níbi tó ti tẹ̀. Èkejì kàn ń tẹ̀ ẹ́, ibi tó ti tẹ̀ á sì fún bí ròbá omi tí wọ́n ká.

Bí ọkọ̀ yín bá ní kátálítíìkì, ohun tó ń dín májèlé inú èéfín kù, láti ilé iṣẹ́, ẹ má yọ ọ́; òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò gbà á. Ẹnu páìpù sì gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí èèyàn jókòó, kó yọ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn. Ilẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ lè ti lu, èéfín carbon monoxide tó lè pààyàn kò sì ní òórùn.

Kí wọ́n má ṣe jó o parí nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè. Bí wọ́n bá fi ṣáásíìsì gbé ọkọ̀ sókè, ásẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn á rọ̀ sísàlẹ̀, á sì dà bí ẹni pé àyè pọ̀ láàárín òun àti páìpù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jó o díẹ̀díẹ̀ kó kàn dúró, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, kí èèyàn mélòó kan gun ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ásẹ́ẹ̀lì ń kan páìpù, kí wọ́n tó wá jó o tán.