Aṣọ Akwete ní Ìkòròdú: ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ìsọ̀ aláṣọ kan wà nínú ìlú Ìkòròdú tó ń ta Akwete, aṣọ tí àwọn obìnrin Ígbò ń hun ní ìlú Akwete, ìpínlẹ̀ Abia. Ojúlówó wà níbẹ̀, ayédèrú wà níbẹ̀, orí tábìlì kan náà ni wọ́n sì kó méjèèjì jọ sí.

Ẹni tó mọ aṣọ òkè nìkan yóò kọ́kọ́ wá ojú ìránpọ̀, kò sì ní rí i. Fọ́nrán aṣọ òkè kì í sábà ju ínǹṣì 4 sí 6 lọ ní ìbú. Akwete tí a wọ̀n níbẹ̀ tó ínǹṣì 46 láti etí kan dé èkejì, láìsí ojú abẹ́rẹ́ kankan. Òfì tó dúró lóòró ni wọ́n fi ń hun ún, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń hun kíjìpá. Àwa Ìjẹ̀bú pàápàá lọ́wọ́ nínú rẹ̀: aṣọ olọ́nà àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà Ìjọ (Ijaw) láyé àtijọ́, wọ́n ń pè é ní ikakibite, aṣọ ìjàpá. Àwọn ahunṣọ Akwete rí i, wọ́n sì fi ọnà rẹ̀ hun tiwọn. Bí ọnà kan bá jọ ti ìtàgbé, aṣọ èjìká àwọn Òṣùgbó (Ògbóni), lójú yín, ojú yín kò tàn yín.

Ẹ yí aṣọ náà padà. Ọnà ojúlówó kì í ṣe àwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lé e. Òwú ọ̀tọ̀ ni, ó nípọn, èékánná sì lè gbé e sókè díẹ̀. Ayédèrú tí wọ́n tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa rí bàìbàì. Èyí tí ẹ̀rọ hun ló ṣòro mọ̀: ọnà rẹ̀ kò yàtọ̀ síra rárá, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ènìyàn a máa yẹ̀ díẹ̀ níbì kan.

Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù pa ibi pupa fún ìṣẹ́jú kan. Ọ̀kan nínú mẹ́ta tí a dán wò yọ àwọ̀. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fún un. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti lọ̀ ọ́, torí òwú tó ń dán a máa jóná. Bí òrùka bá fa òwú kan jáde, ẹ má gé e: ẹ fi abẹ́rẹ́ tì í padà sẹ́yìn. Gèlè kọ́ ni, ó le jù. Ìró àti ìpèlé ló yẹ.

Àléébù tó burú jù ni pé wọ́n ń gé e tà ní yáàdì. Bí àlùmọ́gàjí bá ti kàn án, òwú ẹnu rẹ̀ á máa tú. Bó bá di dandan kí aránṣọ gé e, kó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ rán ìlà méjì, kó wá gé àárín wọn. Odindi ni kí ẹ béèrè. Bí wọ́n bá ní àfi gígé, ẹ máa bá tiyín lọ.