Irin Ìdìmú, Ìjókòó Gíga, Agogo Ẹnu Ọ̀nà: Èwo Ni Kí A Rà fún Àgbà Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kò Múlẹ̀ Mọ́?

Balùwẹ̀ ni kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni omi, ọṣẹ àti táìlì ti pàdé. Oríṣi irin ìdìmú méjì ló wà. Ọ̀kan ní rọ́bà tí ó ń fà mọ́ táìlì, kò gba ihò lílu, ó sì ṣeé tú gbé lọ síbòmíràn. Èkejì ni èyí tí a fi ìṣó tí a ń yí wọlé (skúrù) dè mọ́ ògiri gbọin-gbọin. Èkejì ni mo fara mọ́. Rọ́bà a máa jábọ́ láìròtẹ́lẹ̀, pàápàá bí etí rẹ̀ bá bọ́ sórí ìlà tí ó wà láàárín táìlì méjì, ẹni tí ó sì ti gbé gbogbo ara lé e kò ní rí ohun mìíràn dì mú. Ìlànà Amẹ́ríkà fún ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò fi irin yìí sí gíga 84 sí 91 sẹ̀ǹtímítà, pẹ̀lú àlàfo 38 mìlímítà sí ògiri kí ọwọ́ lè yí i ká. Síbẹ̀, kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ jẹ́ kí àgbà náà jókòó, kí ó sì dìde, kí ẹ wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń nà sí. Ibẹ̀ ni kí ẹ sàmì sí. (Irin tí a ń fi aṣọ ìnura kọ́ kì í ṣe irin ìdìmú, bí ó ti wù kí ó dán tó.)

Ìjókòó gíga tí a ń gbé ka orí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tó fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, bí ó bá ní ìdè tí kò ní jẹ́ kí ó yẹ̀. Ẹni tí orúnkún ti ń dùn fún ọdún pípẹ́, kí ẹ pààrọ̀ àwo fúnra rẹ̀ sí èyí tí ìjókòó rẹ̀ ga tó 43 sí 48 sẹ̀ǹtímítà.

Ọ̀nà onídàgẹ̀rẹ̀ dára fún àga oníkẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ilẹ̀: ìlọ́po 12 gíga ni gígùn rẹ̀, nítorí náà àtẹ̀gùn tí ó ga ní 60 sẹ̀ǹtímítà yóò gba mítà 7.2. Àga oníná tí ń gun àtẹ̀gùn kò gba àyè tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ lè rántí láti so ìgbànú rẹ̀.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le ṣùgbọ́n tí iyè rẹ̀ ti ń rá, ọjà tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹní dúdú lẹ́nu ọ̀nà lè dà bí ihò lójú rẹ̀, kí ó má sì gbà láti tẹ̀ ẹ́. Ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ pupa lórí àwo funfun yóò tètè hàn sí i. Bí ó bá ń jáde lóru, kọ́kọ́rọ́ lè há a mọ́lé bí iná bá sọ. Agogo tí ń dún bí ilẹ̀kùn bá ṣí ni mo yàn, bí ará ilé bá ń sùn nítòsí. Bí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, kí ẹ ra èyí tí ń pe fóònù ọmọ.