Ẹ̀kọ́ kópíráìtì nílé-ìwé girama l'Ógbómọ̀ṣọ́: ibi tó péye àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Àwọn lọ́yà kan ń gbé ẹ̀kọ́ kópíráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ bí ìwé, ewì tàbí orin lórí iṣẹ́ rẹ̀, lọ bá àwọn ilé-ìwé girama l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ìdajì ọjọ́ ló ń gbà, ó sì yẹ kí ilé-ìwé pè wọ́n, nítorí irọ́ tó gbòde ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú fó. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iṣẹ́ tí a kò bá tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè gbé e. Òfin kópíráìtì ọdún 2022 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ewì tí ọmọ fi ọpọlọ ara rẹ̀ kọ ti di tirẹ̀ láti ìgbà tó ti wà nínú ìwé tàbí lórí fóònù. Ẹ̀rí ni ìforúkọsílẹ̀, ọjọ́ tí ìjà bá dé ló ń wúlò. Èrò tó ṣì wà lọ́kàn kò ní ààbò kankan.

Ọ̀rọ̀ oríkì ni wọ́n kọ́ dáadáa jù. Ta ló ni oríkì Ògbómọ̀ṣọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ sínú ìwé kò lè ní òun ló ni ín, ogún ìlú ni, òfin náà sì ní apá tó ń dáàbò bo irú àṣà àbáláyé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá kì í, tó sì fúnra rẹ̀ gba ohùn náà sílẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó gbà sílẹ̀ yẹn, títí di 50 ọdún lẹ́yìn tó bá gbé e jáde. Ti ewì tó fúnra rẹ̀ kọ ni gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó wù wá kí gbogbo olùkọ́ Yorùbá gbọ́ apá yìí.

Wọn kì í fi ẹnu lásán kọ́ni ní ìforúkọsílẹ̀. Wọ́n ń lọ sórí ìkànnì Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba tó ń rí sí kópíráìtì, wọ́n ń ṣí àkáǹtì, wọ́n ń yan irú iṣẹ́, wọ́n ń kọ àkọlé, ẹni tó ṣe é àti ẹni tó ni ín báyìí, kí wọ́n tó fi ẹ̀dà iṣẹ́ náà ránṣẹ́, kí wọ́n sì sanwó. Wọ́n ń fi àṣìṣe han àwọn olùkọ́ pẹ̀lú: àkọlé fọ́ọ̀mù tó yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn ìwé, àwòrán ojú ìwé tí kò ṣeé kà, orúkọ ilé-ìwé níbi tó yẹ kí orúkọ òǹkọ̀wé wà. Bí olùkọ́ bá gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ilé-ìwé, àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà.

Fọ́tókọ́pì ni wọ́n sáré kọjá, ó sì dùn wá, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ ti pọ̀. Láti da odidi ìwé kọ ní àdúgbò Under G l'Ógbómọ̀ṣọ́, kí a dì í, kí a tà á fún akẹ́kọ̀ọ́, olè ni. Ojú ìwé méjì fún ìkẹ́kọ̀ọ́ ara ẹni kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ń wo ìdí tí a fi dà á kọ, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bó ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ó ba ọjà òǹkọ̀wé jẹ́.

Wọ́n tún da orúkọ ilé-ìwé pọ̀ mọ́ kópíráìtì. Àwòrán báàjì lè ní in, orúkọ kò ní. Trademarks Registry, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ àmì ìṣòwò sílẹ̀ l'Ábùjá, ni a ti ń fi orúkọ sílẹ̀; kíláàsì-kíláàsì ni wọ́n pín iṣẹ́ sí níbẹ̀, kíláàsì 41 ni ti ẹ̀kọ́. Ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ń lò, lẹ́yìn náà ni a ó máa sọ ọ́ dọ̀tun fún ọdún 14.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ pè wọ́n, ẹ bèèrè fún wákàtí méjì fún àwọn olùkọ́ nìkan, kí ẹ sì ti fi ìwé kan tí olùkọ́ yín kọ sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú yín.