Ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán-ilé aládàáni ní Àjàṣẹ́: ohun tí owó yín máa rà, àti ohun tí kò ní rà

Àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BAC, ìwé-ẹ̀rí ìparí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ò yéé bi mí bóyá kí àwọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí mo ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán-ilé níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àbí kí wọ́n kọrí sí Lomé ní Togo. Ilé-ẹ̀kọ́ ti Àjàṣẹ́ yìí ni mo ti gba lísáǹsì mi, ìyẹn dìgírì àkọ́kọ́, owó àwọn òbí mi ló sì san án, nítorí náà màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ lọ. Tó bá jẹ́ ìwé-ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni ò ní yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lẹ ń wá, ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Kíláàsì kọ́ ló dára jù níbẹ̀. Ilé tí wọ́n háyà ni, tó bá di ọ̀sán, ooru páànù á lé gbogbo yín bọ́ sábẹ́ igi. Ìlú yìí gan-an lẹ ń sanwó fún. Lọ́dún àkọ́kọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan AutoCAD tí wọ́n fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á kó yín lọ sí àwọn ilé Àgùdà tó wà láàárín ìlú, pẹ̀lú téèpù àti pẹ́ńsùlù, pé kí ẹ wọ̀n wọ́n, kí ẹ sì yà wọ́n. Àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú Bràsíl padà dé àtàwọn ọmọ wọn ló mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá, àwọn bíríkìlà wọn náà ló sì kọ́ Mọ́ṣáláṣí Ńlá, tí ojú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia débi pé àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i á máa wá ibi tí agogo wà.

Níbi tí wọ́n yan ẹgbẹ́ tiwa sí, ìyá àgbà kan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ kú ìjókòó o, Ìyá àgbà.”

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Téèpù lẹ mú dání yẹn? Ṣé wọ́n ti ta ilé mi ni?”

Kò jẹ́ ká wọlé títí olùkọ́ fi dé, tó kúnlẹ̀, tó ṣàlàyé. Kò jẹ̀bi; ẹni tó bá mọ ẹjọ́ ilẹ̀ ní Àjàṣẹ́ yìí kò ní fi téèpù ṣeré. Inú ilé yẹn ló ti yé mi pé ilé àtijọ́ kì í ní igun tó gún régé. Ẹ máa wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá, ẹ máa tún na téèpù láti igun kan sí èyí tó dojú kọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yàrá náà ò ní pàdé lórí ìwé. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, ó sì nípọn ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ. Ẹnì kan ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Olùkọ́ fi ìka kàn án, ó dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo. Ó ní ká ki ọwọ́ bọ ibi tó ti là: erùpẹ̀ tútù ló ń jábọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri ilẹ̀ máa ń fa omi láti ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì máa ń gbé omi náà lọ. Sìmẹ́ǹtì dí ojú rẹ̀ pa, omi ò ríbi gbà jáde, ó wá ń jẹ ògiri láti inú. Mi ò ro pé ẹ máa rí èyí kọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Àwọn olùkọ́ dáa, torí ayàwòrán-ilé tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn náà: bí ṣáńtíyé, ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, bá pè wọ́n, kíláàsì àárọ̀ á di ti ìrọ̀lẹ́, ti ìrọ̀lẹ́ á di ọ̀la. Àmọ́ bí wọ́n bá dé, wọ́n dé nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn mú wa lọ wo Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tuntun láti ìta, èyí tí Francis Kéré yà, tó fi igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣe àwòkọ́ṣe. Ọmọ Burkina Faso ni, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker tí wọ́n ń fún àwọn ayàwòrán-ilé, lọ́dún 2022. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ oníbíríkì amọ̀ tó parí ní abúlé rẹ̀, Gando, lọ́dún 2001 ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn tó ń pe ilé alámọ̀ ní ilé òtòṣì nínú kíláàsì wa dákẹ́.

Owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ lè san án ní ìdá mẹ́ta. Ìyẹn ò le. Páálí, bíléèdì, gọ́ọ̀mù, àti ìwé ńlá tí ẹ máa ní láti gbé lọ tẹ̀ ní Kútọnu nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá tún bàjẹ́, ìyẹn ló ń tú àpò. Lálẹ́ ṣààrẹ́tì, ìyẹn alẹ́ tí a máa ń sáré parí iṣẹ́, tí júrì tó máa yẹ̀ ẹ́ wò bá di ọ̀la, kò sẹ́ni tó ń sùn. Jẹnẹrétọ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ tí iná bá wà.

Ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí ló kù. Ìwé àṣẹ láti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí pé kí ìjọba fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń fún yín, èyí náà sì yàtọ̀ sí pé kí CAMES ní Ouagadougou, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tó ń sọ Faransé, gbà á wọlé. Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè ti tiwa, ìdáhùn kan náà ni: “fáìlì ti wà lójú ọ̀nà.” EAMAU, ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán-ilé ti Lomé, kò ní irú wàhálà yìí, àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà ló jọ dá a sílẹ̀ lọ́dún 1975, ẹni tó bá yege ìdánwò àtiwọlé rẹ̀, kó má wo ẹ̀yìn. Olùdarí wa fẹ́ràn láti máa rán wa létí AA (Architectural Association), ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán-ilé ti Lọ́ńdọ̀nù, aládàáni láti 1847. Òótọ́ ni, àmọ́ 2019 ni AA fúnra rẹ̀ tó gba àṣẹ láti máa fúnni ní dìgírì lórúkọ ara rẹ̀. Ẹ sì rántí pé lísáǹsì nìkan ò ní jẹ́ kí ẹ buwọ́ lu àwòrán ilé; ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Ordre, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé tí òfin mọ̀, ló lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ń yàwòrán ní ọ́fíìsì ẹlòmíì báyìí, wọ́n sì mọṣẹ́ ju àwọn kan tó ń buwọ́ lù ú lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó san ìdá àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí ilé-iṣẹ́ ìjọba fún wọn hàn yín, kí ẹ ka déètì rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Bí akọ̀wé bá ní ọwọ́ ọ̀gá ni kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ wà, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ gbé owó yín lọ sílé títí ọ̀gá á fi dé.